Àtíbàbà Aládìrẹ fún Ọdún Ọ̀ṣun: Bí A Ṣe Kọ́ Ọ, Ibi Tó Ti Bàjẹ́, àti Iye Tó Ná Wa

Iṣẹ́: àtíbàbà tó ṣeé tú palẹ̀, fún ìpàtẹ àdìrẹ lẹ́bàá ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo.
Ìwọ̀n: ẹsẹ̀ bàtà 9 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 láti iwájú dé ẹ̀yìn.
Àkókò: ọ̀sẹ̀ 9, láti ìparí oṣù karùn-ún.
Àwọn tó ṣe é: èmi, àbúrò mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ káfíńtà, àti bíríkìlà àdúgbò wa fún ọ̀sán kan.
Irinṣẹ́: ayùn, àdá, tépù, dírílì, hámà, ẹ̀mú, ṣọ́bìrì, kẹ́ẹ̀gì omi méjì.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá

Aláró ni mí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń ṣe, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára kí a tó rẹ ẹ́ láró, ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Bí oṣù kẹjọ bá ti ń wọlé bọ̀, gbogbo àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣogbo la máa ń múra, torí ọdún Ọ̀ṣun ni ọjà wa tó tóbi jù. Láti ìgbà Ìwọ́pópó, ètò tó ń ṣí ọdún náà, títí dé ọjọ́ tí Arugbá yóò ru igbá lọ sí odò, èrò kì í dá lójú ọ̀nà igbó: ọmọ ìlú, ará Èkó, àwọn tó ti Brazil àti Amẹ́ríkà wá. Àwa náà á tẹ́ ọjà wa sí ẹ̀bá ọ̀nà: oníìlẹ̀kẹ̀, agbẹ́gilére, ẹni tó ń fín igbá, ẹni tó ń ya àwòrán, aláró.

Lọ́dún tó kọjá, igi mẹ́rin ni mo rì mọ́lẹ̀, mo ta ọ̀rá lé e lórí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Arugbá jáde, atẹ́gùn dé ṣáájú òjò. Ó gbé ọ̀rá yẹn sókè bí aṣọ egúngún, ó fa igi méjì yọ, ọ̀kan sì wó lu tábìlì. Kí n tó palẹ̀ mọ́, aṣọ mẹ́sàn-án ti gbomi.

Òjò kọ́ ló ba aṣọ náà jẹ́. Èmi ni. Mẹ́rin nínú wọn ni mo sáré rẹ láró ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì ṣàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbomi, aró jáde lára wọn, ó ta sí ojú funfun àwọn tó kù. Ọnà Ìbàdàndùn méjì wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko yà, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí tó máa ń wà láàárín òpó. Gbogbo funfun inú wọn di búlúù rúbúrúbú. Ìdajì owó ni mo tà wọ́n. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí owó nìkan. Ẹni tó ra ọ̀kan bi mí pé, "Màmá, ṣé bí àdìrẹ ṣe máa ń rí nìyí?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni mo dáwọ́ lé lọ́dún yìí: ilé tí òjò kò ní wọ̀, àti aṣọ tí òjò kò ní lè bà jẹ́ bó bá tilẹ̀ wọlé.

2. Wíwọ̀n kí a tó ra ohunkóhun

Àyè tí mo máa ń rí lójú ọ̀nà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8 lọ. Mo ní láti fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa há oníìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi mọ́. Ibi tí 9 sí 6 ti wá nìyẹn.

Aṣọ ló sọ bí òkè ṣe máa ga tó. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ ni gígùn aṣọ kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀. (Méjì irú rẹ̀ la máa ń rán pọ̀ fún ìró, àmọ́ kí a tó rán an ni mo máa ń pàtẹ rẹ̀.) Bí mo bá fi ìlàjì rẹ̀ kọ́ sórí ọ̀pá, á wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́sàn-án. Ẹrọ̀fọ̀ tí òjò ń ta máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Torí náà mo fi ọ̀pá ìkọ́ṣọ sí ẹsẹ̀ bàtà 6, kí etí aṣọ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íńṣì mẹ́ta jìnnà sí ilẹ̀.

Àbúrò mi sọ pé kí a kúkú so okùn mọ́ àwọn igi tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, iṣẹ́ á dínkù. Ìyá kan nínú agbo ilé wa gbọ́, ó ní, "Ẹ má dán an wò. Igi ibẹ̀ kì í ṣe òpó yín." Òótọ́ ni. Nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í gé igi, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Ọ̀wọ̀ yẹn ló jẹ́ kí igbó tó tó hẹ́kítà 75 ṣì wà láàárín ìlú tó ti gbòòrò báyìí. Lóòótọ́ ibi tí mo ń pàtẹ kò sí nínú igbó gan-an, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kan igi kankan níbẹ̀. Àtíbàbà náà gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

3. Irin (kò ṣiṣẹ́)

Irin ni mo kọ́kọ́ rò, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i. Mo ra páìpù irin onígun mẹ́rin márùn-ún, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà gba ₦12,000 owó iṣẹ́. Ọjọ́ méjì péré ló fi parí rẹ̀, ojú ibi tó ti jó o pọ̀ mọ́, kò sì mì.

Nígbà tí a fẹ́ gbé e jáde, kò gba ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Odindi ló jó o mọ́ra, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti orí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gba orí ògiri, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo pè sì kàn wò ó, ó yí padà lọ. Mi ò sọ fún wẹ́dà pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Iṣẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ dára, èmi ni mi ò ṣàlàyé. Bí o bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ tí yóò kó o ni kó o kọ́kọ́ fi hàn án.

₦59,500 lọ síbẹ̀. A gbé férémù náà padà sí àgbàlá. Ẹ óò tún gbọ́ nípa rẹ̀ ní ìpele 7.

4. Ọparun

Mo lọ sí ọ̀nà Ìkìrun, mo ra ọparun gígùn mẹ́wàá, ₦1,200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti gbó ni mo ṣà: àwọ̀ ewé ti ń kúrò lára rẹ̀, ó ti ń pọ́n díẹ̀, bí o bá sì fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ó ń dún gbọingbọin. Èyí tó ṣì tutù á sún kì nígbà tó bá gbẹ, ìdè á sì tú. Ìdí wọn nípọn tó íńṣì mẹ́ta.

Bí a ṣe gé e:
– ẹsẹ̀ iwájú 2, ẹsẹ̀ bàtà 8 (àkọ́kọ́, 7½ ni mo gé e, ẹ wo ìpele 6)
– ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 2, ẹsẹ̀ bàtà 6 (àkọ́kọ́, 7)
– ìtẹ́lẹ̀ orí (igi tó dábùú lórí ẹsẹ̀), iwájú àti ẹ̀yìn, 2, ẹsẹ̀ bàtà 9½
– igi òrùlé 5, ẹsẹ̀ bàtà 7½
– ọ̀pá ìkọ́ṣọ 3, ẹsẹ̀ bàtà 9

Mo fẹ́ fi bóòtù dè wọ́n kí ó lè rọrùn láti tú. Mo ra 16. Mo fi dírílì lu ihò ní íńṣì méjì sí etí ọparun. Bí a ṣe fún bóòtù àkọ́kọ́ báyìí, ọparun là ṣáá láti etí dé kókó. Mo rò pé mo fún un jù ni. Mo gbìyànjú èkejì, ó là. Ẹ̀kẹta náà là. Ẹ̀gbọ́n wa dé láti ìsọ̀ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ máa lu ọparun níhò? Dídè ni wọ́n ń dè é."

Òun ló rán wa lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà. A ra awọ tíúbù táyà ọkọ̀ ńlá tó ti bàjẹ́, ₦1,500. A gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó ìka méjì, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí ó ṣe ní kí a dì í nìyí:

Kọ́kọ́ gbé igi méjèèjì sí òkè kókó ọparun, kí ìdè má bàa yọ̀ wálẹ̀. Na rọ́bà dáadáa bí o ti ń wé e; rọ́bà tí a kò nà kò di nǹkan kan. Wé e ní ìdábùú lẹ́ẹ̀mẹta sí apá kan, lẹ́ẹ̀mẹta sí apá kejì. Lẹ́yìn náà, fa rọ́bà gba àárín igi méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó fún ọrùn ìdè náà mọ́ra. Ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìyípo tó kẹ́yìn, má so ó ní kókó, torí bí òjò bá rẹ kókó rọ́bà, ọ̀bẹ ni wàá fi tú u.

Ìdè kan kò gba ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ọwọ́ wa ti mọ́ ọn. Mo padà lọ ra ọparun mẹ́ta mìíràn.

5. Ẹsẹ̀ kọnkéré

Lójú títì tí wọ́n ti fi òkúta tẹ̀, a kò lè gbẹ́ ihò tó jìn tó. Ohun tó wúwo la nílò ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ní Òṣogbo, kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ilé nìkan ni sìmẹ́ńtì wà fún. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni ńlá nídìí ọnà, òun náà sì wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, mọ àwọn ère sìmẹ́ńtì inú igbó, kó tó di pé UNESCO kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Inú mi dùn pé sìmẹ́ńtì náà ni mo padà sí.

Mo ra rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 mẹ́rin tó ti ṣófo, ₦800 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà po sìmẹ́ńtì abọ́ 1, yanrìn abọ́ 2, òkúta wẹ́wẹ́ abọ́ 3. A gbé páìpù rọ́bà oní-íńṣì mẹ́rin sí àárín, a fi ọ̀rá dí ìdí rẹ̀, a sì da kọnkéré yí i ká.

Mo ní kí ó kún dé ẹnu. Bí a ṣe fẹ́ sún àkọ́kọ́ sí ìbòji, èmi àti àbúrò mi kò lè gbé e. Ó lé ní kílò 40. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì gan, a bu ún kù dé ìdajì lójú ẹsẹ̀, a sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe mẹ́ta tó kù. Báyìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bíi kílò 23, ẹni kan lè fi ìgbámú rọ́bà gbé e fún ìgbésẹ̀ díẹ̀. A bò ó, a ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje.

Ọparun oní-íńṣì mẹ́ta nínú páìpù oní-íńṣì mẹ́rin, ó ń mì. Pátákó pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa gbẹ́ la fi há àyè tó kù.

6. Òrùlé: ibi tó fún wa ní wàhálà jù

Tapólì ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 ni mo rà, ₦22,000. Mo gé ẹsẹ̀ iwájú ní 7½, ti ẹ̀yìn ní 7, torí mo fẹ́ kí inú rẹ̀ ga, kí ó mọ́lẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́fà péré. Mi ò sì fi igi òrùlé kankan sí i nígbà yẹn. Mo rò pé bí a bá ṣáà ti fa tapólì le, ó tó.

A tò ó sí àgbàlá, ó dúró dáadáa. Mo gun àga, mo ń fi abọ́ da omi sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 25. Díẹ̀ ṣàn lọ sẹ́yìn, èyí tó pọ̀ dúró sí àárín. Bí ó ṣe dúró ló ń fa tapólì wálẹ̀, bí tapólì ṣe ń wálẹ̀ ni òmíràn tún ń sáré wá bá a. Nígbà tí mo fi máa da kẹ́ẹ̀gì kejì tán, ikùn tapólì ti wú bí ìkòkò aró, ó ti fẹ́ kan orí àbúrò mi. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ó tó kílò 30 tó rọ̀ mọ́ igi tín-ín-rín méjì. Ìtẹ́lẹ̀ iwájú dún gbọ̀ọ́, ó ṣẹ́, gbogbo omi náà sì dà lé àbúrò mi lórí.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ni èyí ṣẹlẹ̀, orí aṣọ ni ì bá dà sí. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àtíbàbà pé kí ó da omi lé e lórí nílé ná.

Àtúnṣe mẹ́ta la ṣe:

Àkọ́kọ́, a gé iwájú tuntun sí ẹsẹ̀ bàtà 8, a sì gé ti ẹ̀yìn kù sí 6. Ìdàgẹ̀rẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo kọ́kọ́ rò bóyá kí a mú iwájú ni kó kéré, àmọ́ orí oníbàárà ni omi ì bá máa ṣàn sí, gọ́tà sì wà lẹ́yìn wa.

Èkejì, igi òrùlé márùn-ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íńṣì mẹ́ta láàárín wọn. Tapólì kò tún ráyè yọ ikùn mọ́.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ihò onírin tó wà létí tapólì ti ya méjì nígbà tí ìtẹ́lẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a rán an. Èmi jókòó, mo ń wò ó, ọwọ́ mi sì rántí ohun tó ti ń ṣe láti kékeré. Nínú àdìrẹ oníko, òkúta wẹ́wẹ́ la máa ń fi sínú aṣọ, a ó fi ìko di ọrùn rẹ̀ pinpin. Ìdè yẹn kì í tú àyàfi bí a bá tú u. Mo mú òkúta tó tó ẹyin àparò, mo fi sí abẹ́ tapólì, mo kó tapólì jọ yí i ká, mo fi okùn di ọrùn rẹ̀, mo sì fi etí okùn náà so ó mọ́ ọparun. Mo rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára mi, kò ya, kò yọ̀. Mẹ́wàá ni mo ṣe yí ká. Ihò onírin, a kò lò ó mọ́.

Ìdánwò kejì: kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, lítà 100. Gbogbo rẹ̀ ló ṣàn sẹ́yìn, àyàfi bíi ife kan tó dúró sí igun ọ̀tún níbi tí mo ti di òkúta súnmọ́ inú jù. Mo sún un síta pẹ̀lú íńṣì mẹ́rin, ó tán. Tapólì tó ṣẹ́kù níwájú, ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo fi í sílẹ̀ bí ìbòjú tí a lè tú sílẹ̀ bí òjò bá ń fẹ́ wọlé láti iwájú.

Mo ní kí wẹ́dà gé èèkàn irin mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó mú ṣóńṣó rẹ̀. Okùn mẹ́fà ló ti orí àtíbàbà wá sídìí wọn.

7. Aṣọ

Mi ò ní kọ gbogbo bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ síbí, ohun tó dojú rú lọ́dún yìí nìkan.

Ẹ̀kọ: láfún àti áálọ́ọ̀mù tí a sè, tí a fi aṣọ sẹ́, tí a fi ìyẹ́ adìẹ yà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ kan sí méjì ti tó kó gbẹ. Ní oṣù keje yìí, ọjọ́ mẹ́rin ni. Mi ò ní sùúrù. Mo ti aṣọ márùn-ún bọ ìkòkò nígbà tí òkè ẹ̀kọ ti gbẹ ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ̀kọ náà yọ́ sínú aró, ẹja inú ọnà Olókun di kùrukùru. Aṣọ márùn-ún lọ, aró ìkòkò náà sì di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Mo wá rántí férémù irin. A gbé e sábẹ́ páànù, a sá àwọn aṣọ tí ẹ̀kọ wà lára wọn lé e, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ àti òkè. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni wọ́n gbẹ. Ṣùgbọ́n mi ò kun irin náà ní ọ̀dà. Aṣọ méjì ní ìlà ìpẹtà pupa gbọọrọ láàárín ojú funfun wọn, kò sì sí ọṣẹ tó yọ ọ́. Mo fi ọ̀rá wé gbogbo irin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lápapọ̀, aṣọ 31 ni mo yà kí n tó rí 24 tó ṣeé tà.

Aró: ẹ̀lú àti omi eérú èèpo kòkó. Ní ọjọ́ karùn-ún mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo rẹ àkísà kan wò, kò mú àwọ̀ dáadáa. Òtútù ni, ìkòkò kò tíì jí. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹjọ. Nígbà yẹn, bí mo ṣe fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di búlúù lójú mi. Ìgbà mẹ́fà ni mo rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣíṣàn: ẹ̀ẹ̀mẹta, títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí mo fi kún un lọ́dún yìí: mo rẹ áńkáṣíìfù funfun sínú omi, mo fún un, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aṣọ fún bí ìgbà tí a ń ka ọgbọ̀n. Bó bá mú búlúù, aṣọ náà padà sínú omi. Mọ́kànlá ló padà. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí iye yẹn, torí ojú mi ti sọ fún mi pé gbogbo wọn ló mọ́.

8. Títò ó

Àkọ́kọ́, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ariwo pọ̀. A so àkísà pupa mọ́ gbogbo ọparun iwájú, funfun mọ́ ti ẹ̀yìn, a kò sì so nǹkan kan mọ́ igi òrùlé. Ìgbà kẹta tí a tò ó, ìṣẹ́jú 35 ni. Ọparun gbogbo lọ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹsẹ̀ kọnkéré sínú rẹ̀, aṣọ sínú àpò mẹ́ta. Ẹrù kan náà ni, ₦3,000 ní àlọ, ₦3,000 ní àbọ̀.

9. Ọjọ́ ọjà

A tò ó ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n máa tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún. Ilẹ̀ le, èèkàn gba àkókò, ìṣẹ́jú 50. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oòrùn ni. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n ń bèèrè orúkọ ọnà. Ọ̀pá ìkọ́ṣọ mẹ́ta yẹn jẹ́ kí ènìyàn lè rìn láàárín aṣọ, èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣe wá láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ àárín wọn kì í tètè jáde.

Òjò dé ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, pẹ̀lú atẹ́gùn. Àbúrò mi tú ìbòjú iwájú sílẹ̀, èmi di ẹsẹ̀ iwájú kan mú láìnídìí, torí kò nílò mi. Omi ń ṣàn sẹ́yìn sínú gọ́tà bí ìgbà tí a ń dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Oníìlẹ̀kẹ̀ kó ẹrù tiẹ̀ wá sábẹ́ wa, àwọn ìyá méjì kan tí wọ́n ń ti odò bọ̀ náà yà wọlé. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Èèkàn kan níwájú fà yọ nítorí pé ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dà sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì sún tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Aṣọ méjì létí ọ̀tún gba omi.

Mo fa àwọn méjèèjì kúrò, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì lórí aṣọ funfun, mo sì dúró. Aṣọ funfun náà kò yí àwọ̀. Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó.

Aṣọ 19 ni a tà nínú 24, gbogbo wọn ní iye tí mo dá lé wọn.

10. Owó

Ọparun 13: ₦15,600
Tapólì: ₦22,000
Rọ́bà tíúbù: ₦1,500
Okùn: ₦3,200
Rọ́bà ọ̀dà 4: ₦3,200
Sìmẹ́ńtì ìdajì àpò: ₦5,000
Yanrìn àti òkúta: ₦3,000
Páìpù rọ́bà: ₦4,500
Èèkàn 6: ₦4,000
Bíríkìlà: ₦3,000
Bóòtù 16 tí a kò lò: ₦2,400
Àpapọ̀: ₦67,400

Ẹ̀gbọ́n wa kò gba kọ́bọ̀. Bí mo bá fi owó irin kún un, ₦126,900. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó yọ irin àti bóòtù kúrò; ní iye tí a ra nǹkan nígbà náà, ₦65,000 ni.

11. Ohun tó kù láti ṣe

Èèkàn iwájú yóò di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, a ó sì rì wọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí wọn kọ ẹ̀yìn sí àtíbàbà. Ti ọdún yìí, ọ̀gangan ni a rì wọ́n.

Ní oṣù kọkànlá, mo rí ẹ̀tù funfun nídìí ọparun méjì níbi tí a kó wọn sí lẹ́yìn ilé. Kòkòrò ti wọ̀ wọ́n. Ẹnì kan ní kí n fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìkọ́ṣọ ni méjèèjì, ọ́ìlì yẹn á sì lọ sára aṣọ. Mo gbọn ẹ̀tù náà kúrò, mo sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì gbé gbogbo ọparun lọ sí àjà ilé ìdáná tí mo ti ń se ẹ̀kọ, kí èéfín máa fẹ́ sí wọn. Láti ìgbà yẹn, mo ń gbá abẹ́ wọn láràárọ̀, mo sì ń wo ilẹ̀. Ẹ̀tù kò tíì tún sí níbẹ̀.